Orí ẹṣin Tang tàbí inú àga Ming?

Ní Ṣáínà láyé ìdílé ọba Tang (618–907), àwọn obìnrin ńláńlá ń gun ẹṣin jáde ní Chang'an, olú-ìlú wọn. Ẹ wo ère amọ̀ inú ibojì ayé ọjọ́un: ẹ̀wù ọkùnrin, ṣòkòtò, búùtù, bẹ́líìtì nídìí. Síbẹ̀, irun dídì orí àwọn kan ṣì ń pariwo pé obìnrin ni wọ́n.

Láyé ìdílé ọba Ming (1368–1644) ńkọ́? Ẹsẹ̀ dídì, ìyẹn fífi aṣọ di ẹsẹ̀ ọmọbìnrin pinpin kó má baà tóbi, ti gbilẹ̀. Inú àga aláṣọ títa tí ọkùnrin gbé léjìká ni ìyàwó olówó ń jókòó sí. Kì í ṣe pé wọn ò rìnrìn-àjò o. Wọ́n ń lọ sí Òkè Tai lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òrìṣà obìnrin, Bixia Yuanjun.

Èmi ì bá mú ẹṣin, bí ìdí tilẹ̀ ń ro mí.