Ohùn AI fún ìpolówó ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀: ẹ ra ọ̀kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà ní Lágere tó ń fi AI ṣe ìpolówó fún àwọn oníṣòwò. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yín wá, wọn á fi ohùn kà á, wọn á tún fi ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kún un bí ẹ bá fẹ́ fídíò. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà. Ohùn ẹni tí wọ́n bá ṣàdéhùn jẹ́ ₦15,000 fún ìṣẹ́jú kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní "ohùn gbajúmọ̀" jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ dára. Ó dún ketekete, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀ kún un. Àmì ohùn ló ń dà á láàmú. Alágbẹ̀dẹ tó kọ "ọkọ" láìfi àmì sí i á gbọ́ ọ lórí rédíò bíi pé ọkọ ìyàwó ló ń tà, kì í ṣe ọkọ́. Ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nílé kí ẹ tó gbé e lọ. Ní ti fídíò, ẹ dín ìyára rẹ̀ kù sí 0.25, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹ wo ẹnu: ètè méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé níbi b, m, p àti gb. Tí wọ́n bá dé orí "gbogbo", ẹnu náà sábà máa ń là sílẹ̀.

"Ohùn gbajúmọ̀" ni kí ẹ má fọwọ́ kàn rárá. Àwo orin olókìkí ni wọ́n ń mú, wọ́n á yọ ìlù kúrò, wọ́n á fi ohùn tó kù kọ́ ẹ̀rọ. Wọ́n á ní ohùn èèyàn ò ní kópíráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó ni iṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀, òun ló sì ń tan èèyàn jẹ. Iṣẹ́ ni Òfin Kópíráìtì ti 2022 ń dáàbò bò: orin, ọ̀rọ̀ orin, ohùn tí a gbà sílẹ̀, fíìmù, àwòrán. Ohùn lásán àti ojú lásán ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì tí wọ́n dà kọ kí ẹ̀rọ tó kọ́ ohùn náà ní ẹni tó ni ín, òfin yìí kan náà sì fún akọrin ní ẹ̀tọ́ lórí eré tó ṣe. Ẹ má gbà pé akọrin tó ti kú ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́: 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣẹ̀dá orin ni ẹ̀tọ́ orin náà tó parí. Ẹni tó wà láàyè tún lè gba ọ̀nà Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023, torí ohùn àti ojú tí a fi ń dá a mọ̀ jẹ́ dátà tirẹ̀. Òfin gba ẹ̀fẹ̀ láyè lóòótọ́, àmọ́ ìpolówó ìrẹsì kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Bí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ bá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí fídíò yín wà lórí ìkànnì rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà á fi tó yín létí. Tí ẹ ò bá rí àwíjàre tó mọ́yán lórí mú wá láàárín ọjọ́ 10, wọ́n á yọ ọ́. Ẹ̀yìn rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù náà, lẹ́tà kíkéré, sọ pé oníbàárà ni yóò ru gbogbo ẹjọ́ tó bá jẹ mọ́ ẹ̀tọ́.

Tí ẹ bá ra ti àkọ́kọ́, ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé àdéhùn olóhùn kí ẹ tó sanwó. Ojú ewé kan ni, ó ní ìbuwọ́lùwé, oṣù mẹ́fà ló sì wà fún. Rédíò àti WhatsApp nìkan ló dárúkọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gbé tirẹ̀ sórí YouTube tàbí Facebook, kó ní kí wọ́n kọ ọ́ kún un, kí olóhùn sì buwọ́ lu ibẹ̀ lọ́tọ̀.