Ijó Kérésì àwọn ọ̀dọ́: ilé àríyá lálẹ́, àbí gbọ̀ngàn ilé-ìwé lọ́sàn-án?

Ilé àríyá ni ọkàn àwọn ọmọ máa ń fà sí: iná aláràbarà, ẹ̀rọ amúlétutù, ohùn tó ń mi ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Disẹ́ńbà, àwọn onígbèéyàwó ń du Sátidé mọ́ yín lọ́wọ́, owó á sì wọ́n. Ilẹ̀ á ti ṣú kí òbí tó wá mú ọmọ, ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé, láago méjì sí mẹ́fà, ni èmi fara mọ́. Ẹnu ọ̀nà kan ni kí gbogbo ọmọ gbà wọlé. Kí ìyá kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù òbí. Ọmọ kankan ò gbọdọ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹni tó wá mú un fọwọ́ síwèé. Ẹ má fi àgádágodo ti àwọn ilẹ̀kùn yòókù o, nítorí ewu iná. Ooru níbẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Ẹ yá fáànù, kí ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, torí èéfín rẹ̀ ń pààyàn. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn yan orin, kí àgbà sì ti gbọ́ ọ ṣáájú. Púfúpúfú àti sóbò tútù ti tó wọn.