Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń fi "àyẹ̀wò gbogbo ara" ọ̀fẹ́ ta oògùn

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ń pe òbí yín sí "full body check-up" ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí tàbí ìpàdé àdúgbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n á tẹ́ tábìlì, wọ́n á so àpótí kékeré kan mọ́ láptọ́ọ̀pù, wọ́n á ní kẹ́ ẹ di ọ̀pá irin kékeré kan mú. Wọ́n á bi yín ní ọjọ́ orí, bóyá ọkùnrin ni yín àbí obìnrin, bẹ́ ẹ ṣe ga tó, bẹ́ ẹ ṣe wúwo tó. Kí ẹ tó sọ pé kí ló dé, ìwé ti ń jáde: ọkàn, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, egungun, fítámì, májèlé inú ara. Ẹni tó wọ kóòtù funfun á wá máa fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ èyí tí kò dáa. Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n sọ fún níbẹ̀ pé ara rẹ̀ le. Wọ́n á ní: "Àmì àìsàn ni ilé ìwòsàn ń tọ́jú, àwa, gbòǹgbò rẹ̀ la ń hú." Ohun tí wọ́n fi ń hú gbòǹgbò ọ̀hún, inú báàgì wọn ló wà, tìgò-tìgò.

₦185,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àǹtí mi. Owó yẹn dùn mí, àmọ́ ohun tó gbé mi dìde ni pé wọ́n ní kó pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì ná, kí tiwọn lè ráyè ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kanni lára, ẹni tó ní in lè máa jó láriyá. Ìgbà tí a máa fi wọ̀n ọ́n ní kílíníìkì, ó ti di 190/110. Ibi tí rọpárọsẹ̀ ti ń wá nìyẹn.

Mo lọ bá wọn, mo ní kí wọ́n yẹ èmi náà wò. Lẹ́yìn tí ìwé tèmi jáde, mo bẹ ọmọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà pé kó tún un ṣe, kó kọ ọ́ pé ọkùnrin ni mí, ẹni 70 ọdún. Ó rò pé àwàdà ni, ó tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ kan náà, irin kan náà. Ìwé jáde: próstéètì mi, ẹ̀yà ara tí ọkùnrin nìkan ní, ti ń wú. Èmi abiyamọ! Ọ̀gá wọn ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á.

Ṣé ẹ rí i? Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ń kà, kò mọ nǹkan kan nípa ara yín. Wọ́n gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó mọ iye fítámì D tẹ́ ẹ ní. Bẹ́ẹ̀ ni HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí lára láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì ni creatinine tí wọ́n fi ń wo kíndìnrín. Ẹni tí kò gba ẹ̀jẹ̀, tí kò gba ìtọ̀, ẹ bi í pé kí ló yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Houston, ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín o. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ tiyín lóòótọ́, wọ́n á wá fi àyẹ̀wò IgG, ọ̀kan lára èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ara fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, sọ fún yín pé ẹyin, ẹ̀wà àti wàrà kò bá yín lára mu. IgG kàn ń sọ pé ẹ ti jẹ oúnjẹ náà rí ni. Láti 2012 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà alẹ́jì ní Kánádà ti ní kí wọ́n má lò ó fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí dókítà ní kí àǹtí mi kó gbogbo ìgò náà wá, ọ̀kan jẹ́ ti irun àti èékánná: biotin, irú fítámì kan, 10,000 máíkírógíráàmù nínú hóró kan. 30 péré ti tó àgbàlagbà lóòjọ́. Biotin tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè da àyẹ̀wò ojúlówó gan-an rú. Ó lè mú kí tírọ́ìdì, ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, tó dá ṣáṣá dà bí èyí tó ń ṣàìsàn, ó sì lè jẹ́ kí troponin, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkàn ti fara pa, dà bíi pé kò sí nǹkan. FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2017, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé aláìsàn kan tó ń lò ó kú lẹ́yìn irú èsì tó ṣìnà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ń lò, ì báà jẹ́ àgbo, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún yín lábẹ́rẹ́ láàbù.

Wọ́n á fi nọ́ńbà NAFDAC hàn yín. Ó dáa, ó fi hàn pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn. Ẹ yí páálí náà padà: lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní pé NAFDAC kò yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò.

Bẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ má da ìgò nù. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ìwé àyẹ̀wò àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pàápàá níbi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ pa oògùn dókítà tì, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá NAFDAC àti FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà. Wọ́n dá ìdajì owó àǹtí mi padà lọ́jọ́ tí mo ní mò ń gbé ìwé próstéètì mi lọ. Èyí tó kù, mo ṣì ń lé e.