Gáàsì tàbí èédú: èwo ló ń ṣọ́ owó ná n'Ìbàdàn?

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún 2023, ọ̀pọ̀ ilé ló ti ń ṣírò owó ìdáná lójoojúmọ́.

Ẹ̀wà tàbí ṣàkì tó ń pẹ́ lórí iná, èédú ló tọ́ sí i. Èédú igi líle tó ń ti Òkè-Ògùn wá máa ń dún bí irin tí a bá kan méjì pọ̀. Èyí tó bá rin, èéfín lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àdògán wọ yàrá tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀: afẹ́fẹ́ olóró rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.

Àmàlà, ẹyin, omi tíì: gáàsì ni. Ẹ ó pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èédú yóò ṣì máa jó lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ọbẹ̀ kalẹ̀. Àmọ́ ìdí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ. Nínú àwọn nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ọrùn sílíńdà, ẹ ka èyí tó jẹ́ ìwọ̀n òfìfo rẹ̀. Bó bá jẹ́ 6.5, tí ẹ ra kílò 3 sínú òfìfo, 9.5 ló gbọ́dọ̀ hàn. Bí iná bá ń pọ́n dípò kó jó búlúù, tí ìdí ìkòkò ń dúdú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ àwọn ihò ojú iná: gáàsì ń ṣòfò nìyẹn.