Àwòrán Pintupi àti àwòrán Warlpiri: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra iṣẹ́ ọnà aṣálẹ̀ Ọsirélíà

Ẹni tó bá fẹ́ ra àwòrán láti aṣálẹ̀ àárín gbùngbùn Ọsirélíà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí owó rẹ̀ lè rà àti èyí tí kò lè rà. Kanfáàsì àti ọ̀dà orí rẹ̀ yóò di tirẹ̀. Ìtàn inú rẹ̀ kò ní di tirẹ̀, ilẹ̀ tí ìtàn náà so mọ́ kò sì ní di tirẹ̀. Ogún ìran kan ni. Ẹ̀yà méjì lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà tó wà ní aṣálẹ̀ yìí ni Pintupi àti Warlpiri. Àwọn Pintupi ń pe ìpìlẹ̀ ogún yìí ní Tjukurrpa, àwọn Warlpiri sì ń pè é ní Jukurrpa. Àwọn òyìnbó tú u sí àlá, ìtumọ̀ yẹn sì ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, nítorí kì í ṣe ohun tí a rí lójú oorun rárá: ìrìn àwọn alálẹ̀ ni, àwọn tó dá òkè, ìsun omi àti òfin sílẹ̀, tí agbára wọn ṣì wà nínú ilẹ̀ náà títí dòní. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fi ń gbé àwọn àwòrán wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni pé: ta ló ní ẹ̀tọ́ láti ya èyí, báwo sì ni ẹni tó ń rà á yóò ṣe mọ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Pintupi. Ní ọdún 1971, ní Papunya, ìletò kan tó wà ní nǹkan bí 240 kìlómítà sí àríwá ìwọ̀-oòrùn Alice Springs, ìlú tó wà ní àárín gbùngbùn Ọsirélíà, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Geoffrey Bardon gba àwọn àgbà ọkùnrin níyànjú láti ya ìtàn èèrà oyin sára ògiri ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí wọ́n ti ń fi ìka fà sórí iyanrìn, tí wọ́n sì ń kùn sí ara nígbà ètùtù, wá di ohun tó dúró lójú kan. Ní 1972 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Papunya Tula sílẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn ló sì ni ín. Láti 1981 ni ọ̀pọ̀ Pintupi ti padà sí ilẹ̀ baba wọn ní Kintore, lẹ́yìn náà ní Kiwirrkurra, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ Papunya Tula ti ń wá báyìí.

Àwòrán àwọn àgbà ọkùnrin Pintupi kì í pariwo. Àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pupa ilẹ̀ aṣálẹ̀, funfun àti dúdú. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ óò rí i pé ohun tó jọ ìlà láti òkèèrè kì í ṣe ìlà. Àmì tóótòòtó ni, tí wọ́n tò pẹ́kípẹ́kí títí tí wọ́n fi lẹ̀ mọ́ra. Òbìrí tó wà nínú òbìrí dúró fún ibùdó tàbí ìsun omi, ìlà tó so wọ́n pọ̀ sì jẹ́ ọ̀nà tí àwọn alálẹ̀ tọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dá lórí Tingari, ẹgbẹ́ àwọn alálẹ̀ tó rin aṣálẹ̀ náà já, tí wọ́n ń ṣe ètùtù, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní òfin. Awo ni púpọ̀ nínú ìtàn yìí, nítorí náà ìwé ẹ̀rí tó bá àwòrán wá lè dárúkọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, kó sì sọ pé òun kò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí oníbàárà má ka èyí sí àbùkù. Nínú àwọn pákó àkọ́kọ́ tí wọ́n yà ní Papunya, ohun tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí hàn síta, ó sì dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn onílẹ̀; láti ìgbà náà ni àwọn ayàwòrán ti ń ṣọ́ra. Bí ìwé ẹ̀rí bá dákẹ́, ó lè jẹ́ àmì pé ẹni tó mọ ìwọ̀n ohun tó yẹ kí etí àlejò gbọ́ ló ya iṣẹ́ náà.

Àwọn Warlpiri ti Yuendumu, ní nǹkan bí 290 kìlómítà sí Alice Springs, gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ní 1983, àwọn àgbà ya Jukurrpa wọn sára ilẹ̀kùn 30 ní ilé ẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọ lè máa rí ilẹ̀ baba wọn bí wọ́n ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ilé-iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Warlukurlangu tẹ̀ lé e ní 1985. Ohun tó jẹ́ ti iná ni orúkọ náà túmọ̀ sí, ojúbọ kan ní ìwọ̀-oòrùn Yuendumu ló sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, níbi tí Lungkarda, alálẹ̀ tó jẹ́ aláǹgbá aláhọ́n búlúù, ti tanná ran igbó nítorí ìbínú sí àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, tí iná náà sì lé wọn kiri títí.

Àwọ̀ Warlpiri máa ń tàn: búlúù, òsùn, ewé, gbogbo rẹ̀ lè wà lórí kanfáàsì kan. Àmì rẹ̀ rọrùn láti kọ́. Èyí tó rí bíi lẹ́tà U ni ènìyàn tó jókòó, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ojú ibùjókòó ẹni ṣe máa ń hàn lórí iyanrìn nígbà tó bá dìde. Bí ìlà kúkúrú bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin ni, igi tó fi ń walẹ̀ ni ìlà náà. Ohun tó wú mi lórí jù lọ́dọ̀ wọn ni pé ìtàn kan ní oríṣi alábòójútó méjì: kirda, àwọn tó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba, àti kurdungurlu, àwọn tó tọ̀ ọ́ wá láti ọ̀dọ̀ ìyá, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti rí i pé kirda kò ṣì í yà, kò sì ṣì í sọ. Lójú tèmi, ẹni tó ń ra àkọ́rà yóò tètè mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ bó bá mú Warlpiri. Ẹni tó ní sùúrù láti bá ohun tí kò ṣàlàyé ara rẹ̀ gbélé ni Pintupi yẹ.

Orúkọ ayàwòrán náà yóò ràn yín lọ́wọ́. Tjapaltjarri lọ́dọ̀ Pintupi ni Japaljarri lọ́dọ̀ Warlpiri. Obìnrin ẹgbẹ́ kan náà ni Napaltjarri tàbí Napaljarri. N ló ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ obìnrin. Kì í ṣe orúkọ ìdílé, ẹgbẹ́ ìbátan ni, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà á fún yín pé gbogbo Japaljarri jẹ́ ọmọ ayàwòrán olókìkí kan.

Ní ti ibi tí ẹ óò ti rà á, ẹ̀yìn kanfáàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Iṣẹ́ láti ilé-iṣẹ́ àwọn ayàwòrán máa ń ní nọ́ńbà lẹ́yìn, nọ́ńbà náà sì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé ẹ̀rí mu, níbi tí orúkọ ayàwòrán, ìtàn àti ọdún wà. Fọ́tò ayàwòrán tó di búrọ́ọ̀ṣì mú kò tó dípò èyí. Ọ̀rọ̀ Utopia, ilẹ̀ ayàwòrán Emily Kame Kngwarreye tó kú ní 1996, le díẹ̀ sí i, nítorí ọ̀pọ̀ alágbàtà ló ra iṣẹ́ lọ́wọ́ òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ béèrè ọwọ́ tí iṣẹ́ náà ti gbà kọjá, kí ó má sí àlàfo. Ẹrù ìrántí olówó pọ́ọ́kú ni kí ẹ fura sí jù: ìwádìí ìjọba Ọsirélíà kan ní 2022 fi hàn pé ó lé ní ìdajì rẹ̀ tí kò ti ọwọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ wá.

Ọjà gbàǹjo ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Clifford Possum Tjapaltjarri ya ibi iná Lungkarda kan náà ní 1977, àwòrán náà sì di mílíọ̀nù 2.4 dọ́là Ọsirélíà ní gbàǹjo ọdún 2007, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí kò tíì sí òfin tó fún ìdílé ayàwòrán ní ohunkóhun nínú àtúntà. Láti oṣù Kẹfà 2010, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán tàbí àwọn ajogún rẹ̀ nínú àtúntà tó bá tó 1,000 dọ́là ní ọjà Ọsirélíà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti san án. Bí iṣẹ́ náà bá ti pẹ́ tó sì níye lórí púpọ̀, ó lè nílò ìwé àṣẹ ìjọba kó tó kúrò ní orílẹ̀-èdè náà.

Ẹ lè gbé e kọ́, ẹ lè fi jogún. Ẹ kò lè tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ tàbí káàdì fún títà láìgba àṣẹ ayàwòrán: ní 1994, ilé ẹjọ́ Ọsirélíà dá àwọn ayàwòrán láre lórí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n hun ní Vietnam pẹ̀lú àwòrán wọn láìgbàṣẹ, Pintupi kan sì wà lára wọn.