Ẹ ṣọ́ra fún àwọn "ilẹ̀ wa gbóná": ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Camry Muscle

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ní Camry Muscle 2010 tàbí 2011, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 2.5, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó lọ pààrọ̀ ọ́ìlì. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́ ní Ìbàdàn níbí, owó ara mi ni mo sì fi ra ọ́ìlì tó fẹ́ bà á jẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù kan létí títì ni mo yà sí. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn bọ̀wọ̀ fún mi dáadáa, "Mọ́mì, Mọ́mì" ló ń pè mí. Mo ní kó fún mi ní 0W-20, torí ohun tí wọ́n kọ sára ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nínú ọkọ̀ mi nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, tàwọn òyìnbó nìyẹn, níbi tí yìnyín wà. Ilẹ̀ wa gbóná, omi lásán ni 0W-20, á jẹ ẹ́ńjìnnì yín. 20W-50 ni gbogbo wa ń lò." Mo kọ̀. Ó ní kò burú, ó wọlé lọ, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kọ 0W-20 sí jáde. Wọ́n ti ṣí i. Ó ní òun ti bá mi ṣí i kó lè yá ni. Owó 0W-20, tó fi dáadáa ju ti 20W-50 lọ, ni mo san.

Bó ṣe ń dà á, ọkàn mi kò balẹ̀. Ọ́ìlì náà ń rọra fà bọ̀ bí epo pupa ní àárọ̀ ọyẹ́. 0W-20 gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣàn bí òróró tí a fi ń dín dòdò. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n ti ní kó dúró, àmọ́ n kò sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàràgbàrà láàárọ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí i, á ṣe é díẹ̀, á sì dákẹ́. Nígbà tó yá, iná ẹ́ńjìnnì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ kò lágbára mọ́ bó bá ń gun òkè, ó sì ń jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Rewáyà gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò sí i, kóòdù P0011 ló jáde, èyí tó ń sọ pé àkókò tí káàmù ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì kò bá èyí tó yẹ mu. Mẹkáníìkì mi tú fáàfù VVT-i (ètò Toyota tó ń yí àkókò tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí padà), ó sì fi ìdọ̀tí dúdú tó lẹ̀ mọ́ asẹ́ tóóró inú ẹ̀ hàn mí. Ọ́ìlì tó já sílẹ̀ ki, ó dúdú, ó sì ń rùn bí ohun tó ti jóná rí. Ọ̀gá náà wò ó, ó ní, "Mọ́mì, ti dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń bù tà ni wọ́n dà fún yín."

Ọ̀rọ̀ "ilẹ̀ wa gbóná" yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí àwọn tí kì í ṣe oníjìbìtì náà gbà á gbọ́. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe máa ṣàn nígbà tó bá tutù. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Nǹkan bíi 100°C yẹn ni ọ́ìlì ti ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì tó bá ti gbóná tán, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ní Kánádà. Tẹmọstáàtì ló ń ṣọ́ ooru inú ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe oòrùn. Ní 100°C yìí, ìwọ̀n kíki 20 kì í kọjá 9.3 cSt (cSt ni wọ́n fi ń wọn bí ọ́ìlì ṣe ki tó), àmọ́ láti 16.3 ni ti 50 ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 22. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì nìyẹn, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà ọ́ìlì inú VVT-i kò fẹ̀, agbára ọ́ìlì náà ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì tó bá ki jù á pẹ́ kó tó dé ibẹ̀.

N kò sọ pé ọ́ìlì tó ki ni májèlé o. Ìwé Toyota fúnra rẹ̀ sọ pé ọ́ìlì tó ki díẹ̀ sí i lè dára bí èèyàn bá ń sáré gan-an tàbí tó ń gbé ẹrù wúwo. Ó tún ní bí kò bá sí 0W-20, kí á lo 5W-20, kí á padà sí 0W-20 nígbà tí a bá tún pààrọ̀. Láti 20 fò sí 50 kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà ayé Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná, 20W-50 ni ọ̀pọ̀ bàbá wa dà sí i, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì ìgbà yẹn kò ní VVT-i.

Ẹ tún wo lẹ́tà tó tẹ̀lé API (àjọ Amẹ́ríkà tó ń pín ọ́ìlì sí ìpele) lára kẹ́ẹ̀gì. SF máa ń wà lórí àwọn 20W-50 kan. API ló sọ pé SF kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988! Ọkọ̀ 2010 ni wọ́n fẹ́ dà á sí fún mi. SN tàbí SP ni kí ẹ máa wá.

Ẹ ṣọ́ lítà pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnnì 2.5 yìí ń gba nǹkan bíi lítà 4.4 bí ẹ bá pààrọ̀ fíltà, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì lítà 4 kan kò tó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sáré lọ bu ti dúrọ́ọ̀mù wá dí i, wọ́n á ní ọ̀kan náà ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra Tòkunbọ̀, tiyín tún le jù. Àwọn oníṣòwò ọkọ̀ kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da ọ́ìlì tó ki sí ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, kí ariwo rẹ̀ lè rọlẹ̀, kó má sì tú èéfín títí ẹ ó fi sanwó. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí wọ́n ti ṣáná sí i sílẹ̀ dè yín, ẹ sọ pé ẹ ó padà wá lọ́la. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kó jẹ́ pé ó tutù. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ wo bí ọ́ìlì ṣe ń kán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣáná sí i fúnra yín, kí ẹni kan sì dúró sídìí ẹ̀sọ́ọ̀sì.

Èyí tí wọ́n dà fún mi, a ti tú u dànù pẹ̀lú fíltà rẹ̀, mẹkáníìkì fọ asẹ́ yẹn, iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì ti kú. Ní báyìí, kẹ́ẹ̀gì tí èdìdì rẹ̀ kò tíì já ni mò ń rà, ọwọ́ mi ni mo fi ń ṣí i, mo sì ń dúró ti ẹni tó ń dà á títí á fi tán. Bó bá ti tán, mo máa ń fi ìṣó lu kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà ní ihò mẹ́ta kí n tó kúrò níbẹ̀, torí àwọn tó ń rọ ayédèrú sínú rẹ̀ ń rà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣa ike. Ẹ bá mi lu tiyín náà.