Wọ́n fẹ ẹsẹ̀ katakata mi, wọ́n rọ omi sí táyà rẹ̀: ohun tí ojú mi rí ní Ẹ̀pẹ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun rí ojú ọ̀sà kedere lábẹ́ táyà katakata tí mo jókòó lé lórí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí.

Ọgbà àgbọn wa wà ní Ẹ̀pẹ́, lórí òkè tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sétí ọ̀sà. Lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, mo ń gé eéran lọ ní ìbú òkè náà, òkè wà lápá òsì mi, ọ̀sà wà lápá ọ̀tún. N kò mọ̀ pé òkìtì ọ̀gán kan lúgọ sínú koríko. Táyà ẹ̀yìn tápá òsì gùn ún, gbogbo katakata fì sọ́tùn-ún, táyà náà kọjá lórí òkìtì, kò sì padà balẹ̀. Ó ń yí lófuurufú. Mo já sitiárì sápá ìsàlẹ̀, mo ń ka Kálímà, kó tó wá balẹ̀ gbì. Nígbà tí mo pa á, ọwọ́ mi kò lè tú bẹ́líìtì ìjókòó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi tú u.

Wọ́n júwe ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì kan fún mi ní Ìkòròdú, tó ń fẹ ẹsẹ̀ katakata, tó sì ń rọ omi sí táyà rẹ̀ kó lè wúwo nísàlẹ̀, kó má baà dà. N kò ní dárúkọ wọn. Obìnrin tó gbé fóònù ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Dádì, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun làwọn ọmọ wa á dé ọ̀dọ̀ yín." Owó ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, kí wọ́n tó bi mí irú katakata tí mo ní. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá. Lọ́jọ́rú mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e, wọ́n ní àwọn ọmọ ti dé Ìtòìkín. Láti Ìtòìkín dé Ẹ̀pẹ́, ṣé ìrìn ọjọ́ kan ni? Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ọmọkùnrin méjì tó yọjú, wọn kò sì mú jáàkì dání. Jáàkì aládùúgbò mi ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Wọ́n ki rọ́bà omi bọ táyà, wọ́n rọ ọ́ kún dẹ́múdẹ́mú, wọ́n ní bó bá ṣe wúwo tó ló ṣe dára tó. Mo gùn ún yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀kan, gbogbo gbágungbàgun ilẹ̀ ló ń wọ eegun ẹ̀yìn mi. Wọ́n tún fẹ́ ta irin tí wọ́n ń fi sún táyà síta fún mi, lówó gọbọi. Inú bí mi débi pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí. Ká ní mo gbé e jáde nígbà náà, èébú nìkan lẹ bá kà.

Àmọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ dé. Àgbàlagbà ni, epo ti pa aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láró. Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ẹ má bínú, Alájì. Àwọn ọmọ ló ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi ni." Ó ṣa òkúta mẹ́ta nílẹ̀, ó tò wọ́n bí ààrò.

"Ẹ wò ó. Ẹ rò pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni katakata fi dúró. Rárá o. Iwájú rẹ̀ ń mì lọ mì bọ̀ lórí irin kan ṣoṣo láàárín. Ààrò mẹ́ta ni: táyà ẹ̀yìn méjèèjì àti irin yẹn. Bí òkúta ẹ̀yìn méjèèjì bá sún mọ́ra jù, ìkòkò á dà." Ó wá fi ẹsẹ̀ ti àwọn òkúta méjì náà jìnnà síra.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wa katakata yìí, ẹnikẹ́ni kò fi èyí hàn mí rí.

Ó fa gbogbo omi náà dànù. Ó tú táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ó gbé tòsì lọ sọ́tùn-ún, ó gbé tọ̀tún wá sósì, láìyí wọn padà. Bẹ́ẹ̀ ni ojú rímù tó wà níta ṣe bọ́ sínú, tí táyà sún síta, tí eyín táyà sì ṣì kọjú síbi tó yẹ. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́: ó fi sẹ̀ǹtímítà 20 fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò ta irin kankan fún mi. Lẹ́yìn náà, ó yí táyà kọ̀ọ̀kan títí imú rẹ̀, ibi tí a ń gbà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, fi wà lókè pátápátá, ó rọ omi títí ó fi kan imú náà, ó wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí èyí tó kù. Ó ní afẹ́fẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kí táyà rọ̀. Nǹkan bí lítà 100 ló wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kílò 100 nísàlẹ̀, níbi tí ẹrù ti ń wúlò. Nílùú tí omi ti ń di yìnyín, wọ́n gbọ́dọ̀ po nǹkan mọ́ ọn. Tiwa, omi kànga ti tó.

Ó ní kí n má gé ibi tó ga ní ìbú mọ́, kí n máa gòkè, kí n máa sọ̀. Bí mo bá ń sọ̀, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà pọ̀, torí ẹ̀yìn nìkan ni bíréékì wà. Ọ̀pá irin ẹ̀yìn ìjókòó, tó ń dáàbò bo awakọ̀ bí katakata bá dà, kò gbọdọ̀ wà ní kíká. Nígbà tí a dé ibi òkìtì ọ̀gán, ó wò ó, ó mi orí. "Ibí yìí, Alájì, àdá ni."

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí ìrì gbẹ, mo gbé e jáde. Ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Mo gòkè, mo sọ̀, inú mi dùn débi pé mo ń kọrin.

Lọ́jọ́ Ajé, mo fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì táyà ọ̀tún. Mẹ́ta nínú wọn ń yí nínú ọwọ́ mi, láìlo sípánà. Nọ́ọ̀tì táyà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dè, a gbọ́dọ̀ tún un dè lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi. Mo pè wọ́n. Obìnrin yẹn ní, "A máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà, sà." Ẹ kò sọ fún mi! Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi pè padà, ó bẹ̀ mí títí, ó sì dá owó ọkọ̀ mi padà.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ni mo fi yọ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀ wá ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi; mo ti sọ fún un pé kó má jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án yàtọ̀ sí ọ̀gá, kó sì wá jáàkì sílẹ̀.